Nọ́ọ̀tù Kì í Ṣàdédé Tú

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́wọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù tí ẹ ń wá ibi tí ẹ óò dá ṣọ́ọ̀bù tiyín sílẹ̀ sí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bí táyà bá yọ lára ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu èrò ni pé ọwọ́ ayé ni. Ẹnì kan á ní ọ̀tá ló ran nǹkan sí awakọ̀. Ẹlòmíràn á dárúkọ ìyá arúgbó kan nílé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ojú kò rí. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ilé babaláwo tàbí ilé àdúrà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ibi tí nọ́ọ̀tù wà tẹ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ óò rí i pé ẹnì kan ló dè é tí kò dè é tán, tàbí tó dè é mọ́ ìpẹtà, tàbí tó gbà pé kò pọn dandan kí òun fi ẹ̀ṣọ́ sí i. Nọ́ọ̀tù kì í ṣàdédé tú. Ìdí ló ń tú u, ìdí náà sì ṣe é mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Fífún tí nọ́ọ̀tù fún dáadáa ló ń dì í mú. Gbogbo wáṣà, pín-ìnnì àti gọ́ọ̀mù tí à ń fi sí i, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ẹ̀ṣọ́ a máa ṣọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Bí fífún náà kò bá sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ni ẹ̀ṣọ́ fẹ́ ṣọ́?

Ọ̀pọ̀ yín gbà pé bí nọ́ọ̀tù bá ti wọ bóòtù tó sì kanlẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Irin bóòtù máa ń nà. Bí ẹ bá ń yí nọ́ọ̀tù lẹ́yìn tó ti kanlẹ̀, bóòtù lẹ ń fà gùn, gígùn tí ojú lásán kò lè rí. Irin náà á máa wá bí yóò ṣe sún kì padà, sísún kì tó fẹ́ sún kì yẹn ló sì ń fún ohun méjì tí ẹ so pọ̀ mọ́ra. Ẹ wo rọ́bà tí ọlọ́kadà fi ń de ẹrù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Bó bá kàn fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ irin láì fà á, ẹrù á já bọ́ ní gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, bí ìkọ́ náà tilẹ̀ wà níbi tó fi í sí. Bó bá fà á le, ẹrù kò ní mì. Bóòtù ni rọ́bà yẹn, nọ́ọ̀tù sì ni ìkọ́ rẹ̀.

Agbára tó wà nínú nínà yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ mú bóòtù M10 tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, nọ́ńbà tó ń sọ bí irin rẹ̀ ṣe lágbára tó. Bí ẹ bá fún un bó ṣe yẹ, agbára tó fi ń fún irin méjì pọ̀ á tó ìwúwo nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé díẹ̀ nínú agbára apá yín ló ń dé ibẹ̀. Bí ẹ bá dá agbára tí ẹ fi yí sípánà sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bíi márùn-ún ń tán sídìí nọ́ọ̀tù níbi tó ti ń ha irin tó jókòó lé, nǹkan bíi mẹ́rin ń tán sára tẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan péré ló ń kù tó ń na bóòtù. Ìdí nìyí tí ìpẹtà fi ń tan èèyàn jẹ. Tẹ́ẹ̀dì tó ti dípẹtà á le lọ́wọ́ yín, ẹ óò mí kanlẹ̀, ẹ óò ní ó ti fún, nígbà tó jẹ́ pé ìpẹtà lẹ ń bá jà látàárọ̀, bóòtù kò tíì nà rárá. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí ẹ bá da ọ́ìlì sí bóòtù tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ní kí ẹ dè ní gbígbẹ, híha á dín kù, agbára kan náà á wá na bóòtù kọjá ààlà rẹ̀. Ó lè já lójú ẹsẹ̀. Ó sì lè dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá wà lórí eré.

Ó yá, kí ló ń tú u? Lọ́dún 1969, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gerhard Junker gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn oníṣẹ́ irin káàkiri ayé ṣì ń lò dòní. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ń mi ohun tí bóòtù so pọ̀, tó sì ń wọn bí fífún rẹ̀ ṣe ń dín kù. Ohun tó fi hàn ni pé mímì tó burú jù ni èyí tó ń ti irin sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ nọ́ọ̀tù. Ó burú púpọ̀ ju èyí tó ń fa bóòtù sókè sódò lọ. Tẹ́ẹ̀dì jẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó yí bóòtù po. Híha tí irin ń ha irin ni kò jẹ́ kí nọ́ọ̀tù yọ̀ wálẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí irin méjèèjì bá ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí ara wọn, híha yẹn á sọ agbára rẹ̀ nù fún ìṣẹ́jú àáyá, nọ́ọ̀tù á sì gbé ẹsẹ̀ kékeré kan sẹ́yìn. Mímì kejì, ẹsẹ̀ kejì. Ẹ wá ronú iye ìgbà tí táyà ń yí kí ọkọ̀ tó ti Òjódù dé Ṣágámù, kí ẹ ṣírò iye ẹsẹ̀ tí nọ́ọ̀tù tó dẹ̀ lè gbé.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí ń sọ fún wa: bí ẹ bá fún bóòtù le tó bẹ́ẹ̀ tí irin méjèèjì kò lè yọ̀ lórí ara wọn rárá, nọ́ọ̀tù kò ní ráyè tú. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ tó dára jù ni bóòtù tó tóbi tó, tó nà tó.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí bóòtù fi ń dẹ̀ tí nọ́ọ̀tù kò yí rárá. Bí ọ̀dà, iyanrìn, ìpẹtà tàbí gírísì bá wà láàárín irin méjì nígbà tí ẹ dè wọ́n, wọn á máa rún wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n máa fún jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń rìn, àyè á ṣí sílẹ̀, bóòtù tó nà á sún kì padà, fífún rẹ̀ á sì lọ. Ẹni tó kun rímù ní ọ̀dà tuntun tó nípọn, tó kun ibi tí nọ́ọ̀tù ń jókòó náà mọ́ ọn, ti ṣe àìdáa sí oní-ọkọ̀. Ohun tó mú kí àwọn tó mọṣẹ́ máa sọ pé kí ẹni tó bá pààrọ̀ táyà tún nọ́ọ̀tù dè lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 100 nìyí. Ẹ máa sọ ọ́ fún oníbàárà yín. Bí ó bá rẹ́rìn-ín pé owó ni ẹ tún ń wá, ẹ sọ fún un pé ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí ẹ fẹ́ràn jù, wáṣà sípíríngì, èyí tí wọ́n là níbì kan tí ẹnu rẹ̀ fi yà sókè. Àwọn ọ̀gá wa ló kọ́ wa pé títa tó ń ta sókè ni kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tù tú, a sì fi kọ́ àwọn tó tẹ̀lé wa. Àwọn tó fi ẹ̀rọ dán an wò kò bá wa sọ bẹ́ẹ̀. NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò òfurufú ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 1990 lórí bí a ṣe ń yan bóòtù àti nọ́ọ̀tù; Richard Barrett ló kọ ọ́. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé nígbà tí bóòtù bá ti fún dé ibi tó yẹ, wáṣà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì yàtọ̀ sí wáṣà lásán mọ́. Kò ní agbára àtidá nọ́ọ̀tù dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò ta kókó. Ohun tí ọwọ́ kan ṣoṣo lè tẹ̀ pẹlẹbẹ pẹ̀lú sípánà kékeré kò lè bá tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ jà. N kò ní kí ẹ kó o dà nù níbi tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ bá ti fi sí i. Mo ní kí ẹ má ṣe tìtorí pé ó wà níbẹ̀ kí ẹ má dè é le.

Èkejì ni nọ́ọ̀tù méjì lórí bóòtù kan. Ẹ máa ń rí i lára ìjókòó ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀. Ọgbọ́n tó dára ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é kò tọ̀nà. Wọ́n á fi nọ́ọ̀tù ńlá sísàlẹ̀, wọ́n á wá fi tínrín lé e lórí. Tínrín ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dè é, ṣùgbọ́n kí ó má tíì le dópin. Ẹ wá gbé èyí tó nípọn lé e, kí ẹ fi sípánà kan di ti ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ fi èkejì fún ti òkè le dópin. Ti òkè ló ń gbé ẹrù, òun ló sì yẹ kó ní tẹ́ẹ̀dì púpọ̀. Bí ẹ kò bá di ti ìsàlẹ̀ mú, méjèèjì á jọ yí lọ ni, wọn kò sì ní fún ara wọn rárá.

Ẹ̀kẹta ni nọ́ọ̀tù onírọ́bà, èyí tí òrùka náílọ́ọ̀nù wà lẹ́nu rẹ̀. Bóòtù á gbẹ́ ọ̀nà tirẹ̀ sínú rọ́bà náà, rọ́bà á sì gbá a mú. Ó wúlò púpọ̀ níbi tí nǹkan ti ń mì, àní bí fífún bá tilẹ̀ dín kù, kò ní jẹ́ kí nọ́ọ̀tù já bọ́ sílẹ̀. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ooru: bó bá ti ń kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 120 lórí Celsius, rọ́bà náà á rọ̀, nítorí náà ẹ má fi sára sálẹ́ńsà láé. Ìkejì ni lílò lálòtúnlò. Nígbà tí ẹ bá lè fi ìka lásán yí i kọjá ibi rọ́bà, kò tún ní ẹ̀ṣọ́ kankan nínú mọ́. Àwọn tí ẹ ń ṣa nínú òkìtì irin àlòkù ní Ládipọ̀ tàbí ní Agódi Gate, ẹ máa fi ìka dán wọn wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹrin ni nọ́ọ̀tù eléyín, èyí tí wọ́n gé orí rẹ̀ ní gígé-gígé, tí à ń ki split pin bọ àárín eyín rẹ̀ lọ sínú ihò ara bóòtù, tí a ó sì la ẹsẹ̀ pín-ìnnì náà sọ́tùn-ún àti sósì. Ìdí táì-ródì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì lẹ ti máa ń bá a pàdé, ibi tí síárìn ọkọ̀ ti ń gbàṣẹ. Bí ihò kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú eyín lẹ́yìn tí ẹ ti dè é tán, ẹ má ṣe tú u sẹ́yìn kí pín-ìnnì lè wọlé. Ẹ tún un fún síwájú títí eyín tó kàn á fi ṣe déédéé. Nọ́ọ̀tù bẹ́ríìnì àárín táyà nìkan ni èyí yàtọ̀ sí, nítorí pé bẹ́ríìnì gbọ́dọ̀ ráyè yí. Ẹ tẹ̀lé ohun tí ìwé ọkọ̀ bá wí níbẹ̀. Pín-ìnnì tí ẹ ti nà lẹ́ẹ̀kan kò yẹ ní lílò mọ́, torí irin tó ti ṣẹ́ lọ ṣẹ́ bọ̀ kì í pẹ́ já. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìṣó tàbí wáyà iná rọ́pò rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé orí ohun tí kò ju owó pọfupọ́ọ̀fù lọ ni ẹ ń fi ẹ̀mí èèyàn tà lé.

Ẹ̀karùn-ún ni gọ́ọ̀mù bóòtù tí gbogbo wa ń pè ní Loctite. Ọ̀jọ̀gbọ́n Vernon Krieble, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ kẹ́míkà ní Trinity College ní ìlú Hartford, Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní 1953. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó dì. Nígbà tó bá wọ àárín tẹ́ẹ̀dì tí afẹ́fẹ́ kò sí, tó sì fara kan irin, ibẹ̀ ló ti ń le. Ìdí nìyí tí ìgò rẹ̀ kì í fi í kún dẹ́nu. Aláwọ̀ búlúù ni kí ẹ lò níbi tí ẹ óò tún padà tú. Aláwọ̀ pupa le gan-an, ó sì sábà máa ń gba iná kó tó jọ̀wọ́ bóòtù. Ẹ fọ ọ́ìlì àti gírísì kúrò kí ẹ tó kán an sí i. Ẹ fún un láyè kó dì, wákàtí mẹ́rìnlélógún ló yẹ kó tó dé góńgó agbára rẹ̀. Ẹni tó kán an sórí tẹ́ẹ̀dì tó kún fún ọ́ìlì, tó sì ní kí awakọ̀ máa lọ, owó rẹ̀ ló dà nù.

Àwọn mìíràn wà tí n óò kàn mẹ́nu bà. Wáṣà elétí ni a máa ń ṣẹ́ etí rẹ̀ mọ́ ara nọ́ọ̀tù. Ẹ óò rí i nídìí sípírókẹ́ẹ̀tì àwọn alùpùpù kan. Wáyà ni àwọn tó ń tún bàálù ṣe máa ń lọ́ po láti orí bóòtù kan dé òmíràn, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá fẹ́ tú, yóò máa fa èkejì le sí i. Àwọn ará Sweden ṣe wáṣà oníméjì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nord-Lock: wọ́n gé ojú wáṣà méjèèjì tó dojú kọra ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó ga ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tẹ́ẹ̀dì lọ. Bí nọ́ọ̀tù bá fẹ́ yí padà, dandan ni kó gun òkè, gígun òkè náà á sì tún na bóòtù sí i. Ọgbọ́n àwọn àgbà ilẹ̀ òyìnbó tún ni tẹ́ẹ̀dì òdì. Pẹ́dà òsì kẹ̀kẹ́ ológeere máa ń ní in, ọ̀pọ̀ fáànù onídìí gígùn sì ní in nídìí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, kí yíyí ẹ̀rọ náà má baà máa tú ohun tí ẹ dè. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fi agbára tú irú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ń fún un le ni, títí tí yóò fi já.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ará Japan kan, nítorí ìwà rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́. Katsuhiko Wakabayashi ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ń ta nọ́ọ̀tù kan tó gbà pé kì í tú, ọjà náà sì ń tà. Nígbà tí àwọn oníbàárà kan mú ẹ̀sùn wá pé ó tú níbi tí mímì ti le, kò bá wọn jà, kò sì ní ọwọ́ wọn ni kò dára. Ó padà sídìí iṣẹ́. Ní ojúbọ Sumiyoshi ní ìlú Osaka, ó kíyè sí ẹnubodè onígi tí wọ́n fi èèkàn pẹlẹbẹ gbá láàárín igi méjì kí ó má baà mì. Ó rò ó pé bí a bá lè gba irú èèkàn bẹ́ẹ̀ sáàárín nọ́ọ̀tù àti bóòtù, kò ní ríbi yí. Ohun tó ṣe ni nọ́ọ̀tù méjì tó ń wọnú ara wọn: ti ìsàlẹ̀ ní ọrùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ kúrò ní àárín díẹ̀, ti òkè sì ní kòtò tó ń gba ọrùn náà. Bí ẹ bá ti fún ti òkè, á gbá ti ìsàlẹ̀ mọ́ bóòtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́dún 1974 ló dá ilé iṣẹ́ Hardlock sílẹ̀ lórí ọgbọ́n yìí, nọ́ọ̀tù náà sì wà lára ọkọ̀ ojú irin Shinkansen tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù ní Japan. Ẹ̀sùn oníbàárà ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ẹ̀yin náà, bí ẹnì kan bá gbé ọkọ̀ padà wá pé ohun tí ẹ dè ti tú, ẹ má bínú. Ẹ gbé jáàkì, kí ẹ wo ohun tó fà á.

Wàyí o, ẹ gbọ́ bí ẹ̀ṣọ́ tó dára ṣe ń di asán lọ́wọ́ èèyàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, bàálù Boeing 737-800 ti China Airlines balẹ̀ sí Naha, ní Okinawa, Japan. Kò pẹ́ tó dúró tí iná fi gbà á. Èèyàn 165 ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn sá jáde láàyè. Bóòtù kan nínú apá ọ̀tún bàálù náà ló yọ bọ́, tó sì lu táǹkì epo já. Ohun tó jẹ mí lógún níbẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣí ibẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, torí pé Boeing ti kìlọ̀ pé nọ́ọ̀tù ibẹ̀ lè máa tú. Níbi tí wọ́n ti ń dènà títú ni wáṣà ńlá kan ti bọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ihò tí bóòtù gbà kọjá sì tóbi ju nọ́ọ̀tù lọ. Nọ́ọ̀tù wà lórí bóòtù digbí, méjèèjì jọ yọ gba inú ihò kọjá ni.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, bàálù Boeing 737 MAX 9 ti Alaska Airlines gbéra ní Portland, Amẹ́ríkà. Ó ti gòkè lọ jìnnà nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n fi dí ojú ìlẹ̀kùn kan já fò lọ. Èèyàn 177 ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kú. Àwọn aṣèwádìí ìjọba rí i pé bóòtù mẹ́rin tó yẹ kó di pánẹ́ẹ̀lì náà mú kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti yọ wọ́n nílé iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe kan, wọn kò sì dá wọn padà. Nọ́ọ̀tù eléyín àti pín-ìnnì ni ti àwọn bóòtù wọ̀nyẹn, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dájú jù nínú ohun tí mo kà fún yín. Ta ni yóò ṣọ́ bóòtù tí kò sí níbẹ̀?

Ti ẹ̀kẹta dun gbogbo èèyàn ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2007, ọkọ̀ ojú irin kan tó ń lọ láti London sí Glasgow fò kúrò lójú irin nítòsí Grayrigg ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn kan kú, ọ̀pọ̀ fara pa. Nọ́ọ̀tù tó tú lára àwọn ọ̀pá tó ń so ojú irin pọ̀ níbi tí ó ti ń pínyà wà lára ohun tó fà á. Ó yẹ kí ẹnì kan ti rìn lọ yẹ ibẹ̀ wò ní ọjọ́ 18 oṣù náà. Kò sẹ́ni tó lọ.

Ẹ rí i pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irin nìkan kọ́ ló ṣẹ̀. Ọ̀kan kò mọ̀ pé wáṣà bọ́, ọ̀kan gbàgbé bóòtù, ọ̀kan kò lọ yẹ ẹ́ wò. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi sórí bí ẹ óò ṣe máa ṣe iṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tù wọlé kí ẹ tó gbé sípánà. Bí kò bá fẹ́ wọlé nírọ̀rùn, ó ti jẹ tẹ́ẹ̀dì ní ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ tẹ́ẹ̀dì tó dípẹtà. Ẹ má ṣe máa de àwọn nọ́ọ̀tù táyà tẹ̀lé ara wọn yípo. Ẹ máa fò láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí ẹ sì fún wọn ní ìpele-ìpele, kí rímù lè jókòó pẹrẹsẹ. Ẹ yé fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà kí ẹ máa fò lé e. Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bóòtù tí ẹ fà kọjá agbára rẹ̀ kò ní sún kì padà tán mọ́, kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé láti fún nǹkan pọ̀.

Ẹ dáwó jọ, kí ṣọ́ọ̀bù yín ní torque wrench kan, sípánà tó ń sọ fún yín nígbà tí fífún bá tó. Nọ́ọ̀tù táyà Toyota Corolla àti Camry tó kún ìgboro wa, Newton-mítà 103 ni ilé iṣẹ́ wọn ní kí á fún un mọ. Ẹ̀rọ oníafẹ́fẹ́ àwọn fọkanáísà lè fún un kọjá ìlọ́po méjì ìyẹn, ó sì lè má tó o, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ wo orí bóòtù kí ẹ tó rọ́pò rẹ̀: bí wọ́n bá kọ 10.9 sí i, ẹ má fi 8.8 dípò rẹ̀ torí pé ihò bára mu. Àwọn bóòtù kan tún wà nínú ẹ́ńjìnnì, ti orí sìlíńdà àti ti kọ́nródì, tí àwọn tó ṣe é ní kí á má lò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bi ìwé ọkọ̀ léèrè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ fi ọ̀dà funfun tàbí pupa fa ìlà kan láti ara nọ́ọ̀tù dé ara irin tó jókòó lé. Nígbà tí ọkọ̀ bá padà wá, ẹ kò ní láti méfò. Bí ìlà náà bá ti gé, nọ́ọ̀tù ti rìn. Àwọn kan lára àwọn onítírélà ń lo ike aláwọ̀ ìyeyè tó ní ẹnu ṣóńṣó tí wọ́n ń fi bo orí nọ́ọ̀tù táyà, kí ẹnu wọn lè máa dojú kọra. Awakọ̀ á kàn wò ó láàárọ̀, á sì mọ èyí tó yí. Ìlà ọ̀dà á ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún yín, kò sì ná yín ní nǹkan kan.

Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín lórí fóònù. Ẹni tó wà nídìí nọ́ọ̀tù kẹta nínú márùn-ún, tí fóònù rẹ̀ dún, tó sì dìde, kò mọ ibi tó dé mọ́ nígbà tó bá padà. Ẹ jẹ́ kó máa dún. Bó bá sì di dandan kí ẹ dìde, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ bá padà. Ohun tí ẹ bá yọ lára ọkọ̀, ẹ kó o sínú abọ́ kan ṣoṣo. Bí abọ́ bá ṣẹ́ wáṣà tàbí bóòtù kan kù nígbà tí iṣẹ́ parí, ọkọ̀ náà kò tíì ṣe tán láti lọ, bí oníbàárà tilẹ̀ ń pariwo lẹ́nu géètì.

Iṣẹ́ wa, ibi tí oníbàárà kò lè rí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó lè rí ọ̀dà, ó lè gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò ní wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ ka pín-ìnnì. Owó tó san fún yín, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó fi san án. Nítorí náà, ẹ fi owó pín-ìnnì tuntun àti nọ́ọ̀tù tuntun sínú owó iṣẹ́ yín, kí ẹ sì sọ fún un ìdí rẹ̀. Bó bá ní òun kò ní san án, ẹ rà á fún un lára owó iṣẹ́ yín, tàbí kí ẹ má ṣe iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tí ẹ bá tún ṣe lónìí, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò gbé lọ sílé ìwé lọ́la. Ẹ dè é bó ṣe yẹ, ẹ fi ẹ̀ṣọ́ tó bá a mu sí i, kí ẹ sì padà yẹ̀ ẹ́ wò.